Mo Fẹ́ Fi Ìwé Náà Dáná, Àṣé Èmi Gan-an Ni Mo Jẹ̀bi!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí o. Télọ̀ ni mí n'Íbàdàn. Ìwé mọ́dà ni mo kà mọ, àmọ́ mo lè ka òyìnbó.

Nígbà tí ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ti Lọ́ńdọ̀nù wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi, ìwé kan wà tí kì í gbé sílẹ̀. "Children of Blood and Bone" lorúkọ rẹ̀. Tomi Adeyemi ló kọ ọ́, ọmọ tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1993, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ọdún 2018 ni ìwé náà jáde.

Mo gbà á kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Orí mi gbóná! Wọ́n ní orílẹ̀-èdè kan ń jẹ́ Òrìṣà. Wọ́n ní Ìlọrin jẹ́ abúlé tó léfòó lórí òkun. Ìlọrin wo? Ìlọrin tí a ń wọ mọ́tò lọ, tí a kì í kan òkun lọ́nà! Mo ní àwọn tí kò gbélé yìí ló ń ba àṣà jẹ́. Díẹ̀ ló kù kí n fi ìwé náà dáná.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ọmọ náà gbé ìwé wá. Ó fi òyìnbó bi mí pé, "Màmá àgbà, báwo ni wọ́n ṣe ń pe èyí? Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" Mo wò ó, Yorùbá ni! Àṣé ọfọ̀ tí àwọn onídán inú ìwé náà ń pè, Yorùbá ni. A jókòó tì í di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ tí kò lè kí mi "Ẹ káàárọ̀" ló ń pe "ẹ̀mí" tó ń gé e létè yẹn.

Ni ọkàn mi bá bi mí pé, "Ìwọ télọ̀ yìí, ta ló jẹ̀bi?" Nígbà tí ìyá ọmọ yìí wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń nà án bó bá sọ Yorùbá nínú ilé. Mo ní kó gbọ́ òyìnbó kó lè rọ́wọ́ mú. Ó gbọ́ òyìnbó lóòótọ́. Ohun tí n kò fún un, kò rí i fún ọmọ tirẹ̀.

Tomi Adeyemi náà ti sọ pé àwọn òbí òun kò kọ́ òun ní èdè wọn. Ìlú Salvador ní Brazil, níbi tí àwọn ọmọ ẹrú tí wọ́n kó lọ láti ilẹ̀ wa ti ń bọ òrìṣà títí dòní, ló ti rí àwòrán òrìṣà tó gbé ìtàn náà sí i lọ́kàn. Ẹni tí a kò fún lóúnjẹ nílé, tó wá a lọ sójúde, ṣé a tún máa bá a jà pé kò mọ̀ ọ́n jẹ?

Mo wá ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ apẹja ni Zélie. Ọba Saran pa àwọn onídán, ó pa ìyá Zélie mọ́ wọn. Owó orí àwọn ọmọ wọn ń ga sí i, ẹni tí kò bá rí i san á di ẹrú. Ni Zélie bá gbé ẹja lọ sọ́jà Èkó, ó sì ná an bí ìyá ọlọ́jà gidi. Ìyá àgbà kan tún wà níbẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìjà ọ̀pá. Bí ẹ̀ṣọ́ bá dé, wọn a kó ọ̀pá pamọ́, wọn a di ọmọ iṣẹ́ télọ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ìlọrin ò sí lórí òkun, ìyẹn ò yí padà. Àmọ́ nígbà tí Fágúnwà gbé Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde lọ́dún 1938, ta ló ní kó júwe ọ̀nà ibẹ̀? Ọ̀nà kan ò wọjà.

Ọmọ náà ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́jọọjọ́ Sunday ló ń pè mí, "Ẹ káàárọ̀ mà" ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń na ọmọ nítorí Yorùbá, ẹ fi tèmi ṣe àríkọ́gbọ́n o.