Gègé Ẹlẹ́nu Ṣónṣó: Bó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́, àti Ìlà Tó Bá Èdè Yorùbá Mu

Ní Fate níbí, ọ̀rẹ́ mi kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní kí n fọwọ́ kọ káàdì òun. Mo kọ ọ́ tán, inú mi ń dùn. Àfi ìgbà tí ìyá ọ̀rẹ́ mi kà á sókè, tí wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ọkọ́ ìyàwó? Ṣé oko la fẹ́ lọ ro ni?" Ìrù lẹ́tà "y" tó wà ní ìlà òkè ló já lé orí "ọ" tó wà nísàlẹ̀, ló bá dà bí àmì ohùn òkè. Ọkọ di ọkọ́. Bí mo ṣe tún gbogbo rẹ̀ kọ nìyẹn o.

Gègé kọ́ ló jẹ̀bi, ìlà tí mo fà sábẹ́ pépà ni. Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, kó má bàa ṣẹlẹ̀ sí yín.

Gègé méjì, ọgbọ́n méjì

Gègé kì í ṣe àjèjì ní Ìlọrin. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ilé kéwú ti ń fi gègé tí wọ́n gé lára igi tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí pòròpórò kọ̀wé sórí wàláà. Kódà, ibùdó kan wà ní KWASU, ní Málété, tó wà fún àwọn ìwé àfọwọ́kọ Ìlọrin. Ẹnu gègé tí wọ́n gé pẹrẹsẹ máa ń fẹ̀ díẹ̀. Ìhà tí ẹ bá fà á sí ló ń sọ bóyá ìlà á nípọn tàbí á tín-ín-rín.

Gègé ẹlẹ́nu ṣónṣó yàtọ̀. Irin fẹ́lẹ́ ni ẹnu rẹ̀, òun là ń pè ní nib. Ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, ìlú Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lókìkí gan-an nínú ṣíṣe é. Wọ́n là á láàárín, ó wá ní ẹsẹ̀ méjì. Tí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì á so pọ̀, ìlà á tín-ín-rín bí irun. Tí ẹ bá ń fà á bọ̀ wá sísàlẹ̀ tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́, wọ́n á yà, íǹkì á kún àárín wọn, ìlà á nípọn. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò, irin náà á padà sípò bíi spring. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, kò ní padà mọ́ nìyẹn.

Ìdí nìyí tí òfin àkọ́kọ́ fi rí báyìí: tí ẹ bá ń lọ sókè, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ṣónṣó yẹn á ha sínú pépà, á sì ta íǹkì káàkiri.

Kí ló gbé íǹkì ró?

Ẹ ti rí bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà lọ sókè, abí? Nǹkan olómi máa ń wọ́ wọ àyè tó bá há. Bẹ́ẹ̀ náà ni íǹkì ṣe ń tọ ojú ibi tí wọ́n là lára nib dé orí pépà. Tí íǹkì bá ṣàn jù, á já sílẹ̀ gbì. Tó bá ki jù, kò ní sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó ṣàn jù, gọ́ọ̀mù árábíìkì díẹ̀ ló ń mú un ki. Oje igi ni, wọ́n sì ń kó o jáde láti Àríwá Nàìjíríà. Òun náà ni wọ́n ń pò mọ́ dúdú ìdí ìkòkò láti fi ṣe tàdáwà láyé àtijọ́.

Nib tuntun máa ń ní òróró lára kó má bàa dípẹtà. Omi àti òróró kì í rẹ́, nítorí náà íǹkì ò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi ọṣẹ tàbí sípíríìtì nù ún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ojú ọjọ́ tún wà ńbẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, íǹkì máa ń tètè gbẹ sẹ́nu nib: ẹ fi ẹ̀kán omi kan tàbí méjì sí i. Lásìkò òjò, pépà á ti fa ọ̀rinrin, íǹkì á máa tàn ká, nib pàápàá á fẹ́ dípẹtà. Ẹ nù ún gbẹ lẹ́yìn iṣẹ́.

Ìlà: ibi tí mo ti ṣìṣe

Nínú ọwọ́ ìkọ̀wé tí wọ́n ń pè ní Copperplate, lẹ́tà máa ń tẹ̀ sọ́tùn-ún ní ìwọ̀n 55 lórí protractor. Tí ẹ ò bá ní protractor, ẹ ka àpótí 7 lọ sọ́tùn-ún nínú ìwé oníṣirò, kí ẹ ka 10 lọ sókè, kí ẹ wá fi rúlà so ibi méjèèjì pọ̀. Ó parí.

Ìpín àyè tó wọ́pọ̀ ni 3:2:3. Tí lẹ́tà bíi "a" bá ga ní mìlímítà 6, ẹ fi 9 sílẹ̀ lókè fún orí "b" àti "l", kí ẹ fi 9 sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún ìrù "g" àti "y". Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 24. Àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì máa ń jẹ́ kí ìrù ìlà òkè àti orí ìlà ìsàlẹ̀ pín àyè kan náà, kí pépà lè gbà wọ́n. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú àyè yẹn gan-an ni àmì ohùn tiwa ń gbé!

Nítorí náà, tó bá jẹ́ Yorùbá lẹ fẹ́ kọ:

1. Ẹ má jẹ́ kí ìlà méjì pín àyè.
2. Ẹ fi mìlímítà 5 kún un fún àmì orí lẹ́tà ńlá, bíi Ọ̀ àti À. Gbogbo rẹ̀ di 29. Gíga pépà A4 jẹ́ 297. Tí ẹ bá fi 20 sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ìlà 8 lẹ máa rí kọ.
3. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tán ná, kí ẹ tó padà wá fi àmì àti ẹ̀kán abẹ́ lẹ́tà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé wọn o.
4. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́. Ó dìgbà tí íǹkì bá gbẹ pátápátá kí ẹ tó pa á rẹ́.

Ẹ máa fi ìṣẹ́jú 15 dánra wò lójúmọ́, kí ẹ kọ́kọ́ máa fa ìlà lásán: ẹ tẹ̀ ẹ́ wá sísàlẹ̀, ẹ rọra lọ sókè. Tó bá wá kan orúkọ èèyàn, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ìyá ìyàwó ń bọ̀ wá kà á.