Ìrìn Alájá Yí Adágún Tahoe Ká

Adágún Tahoe wà láàárín àwọn òkè Sierra Nevada ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí ìpínlẹ̀ California àti Nevada ti pààlà. Ojú omi rẹ̀ fi nǹkan bí 1,897 mítà ga ju òkun lọ, èyí tó ju gíga ìlú Jos lọ dáadáa. Ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ tó 501 mítà, kò sì sí adágún tó jìn jù ú lọ ní Amẹ́ríkà àfi Crater Lake ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ilẹ̀ ló ya níbẹ̀ láyé àtijọ́: àárín rì, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gòkè, omi sì gba inú kòtò náà. Igi páìnì àti àwọn ẹbí rẹ̀ ló bo ara òkè láti etí omi lọ sókè, títí dé ibi tí òtútù kì í ti jẹ́ kí igi ga mọ́. Inú igbó yìí ni àwọn ará San Francisco, Sacramento àti Reno máa ń fi mọ́tò gbé ajá wọn wá, kì í ṣe láti ṣọdẹ, bí kò ṣe láti fi ẹsẹ̀ rìn fún ìgbádùn.

Ọ̀nà tó lókìkí jù níbẹ̀ ni Tahoe Rim Trail, tó gba orí àwọn òkè yí adágún náà po. Glenn Hampton, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó, ló gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀. Ní 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà náà, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láìgbowó ló sì ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọ̀hún, títí orí àti ìdí rẹ̀ fi pàdé ní 2001. Ó gùn tó nǹkan bí 265 kìlómítà, ibi tó sì ga jù lójú rẹ̀, ní Relay Peak, ju 3,100 mítà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rìn ín yíká lẹ́ẹ̀kan náà a máa lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ jù lọ kì í dán an wò; wọ́n a mú apá kan, wọ́n a rin wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n a sì padà sídìí mọ́tò.

Kí ajá tó gbẹ́sẹ̀ ní Tahoe, olúwa rẹ̀ ní láti mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Orí ilẹ̀ igbó ìjọba àpapọ̀, tó pọ̀ jù lágbègbè náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ajá níbi gbogbo, Tahoe Rim Trail náà sì gbà á. Ọgbà ìtura ìpínlẹ̀ California kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ajá kò gbọdọ̀ tẹ ọ̀nà inú igbó wọn tàbí etí omi wọn, ojú títì àti ibùdó àgọ́ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú okùn tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ìdí nìyí tí Rubicon Trail, tó gba etí omi lọ sí Emerald Bay, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kà sí ọ̀nà tó dára jù lójú, fi jẹ́ èèwọ̀ fún ajá. Bẹ́ẹ̀ ìsọdá títì lásán ni ibẹ̀ fi jìnnà sí ọ̀nà Eagle Falls, tó gòkè lọ sí adágún kékeré Eagle Lake nínú igbó Desolation Wilderness. Níbẹ̀, ajá lómìnira láti bá olúwa rẹ̀ lọ, bí olúwa rẹ̀ bá ti gba ìwé ìyọ̀ǹda. Ní òdì kejì adágún, ọgbà ìpínlẹ̀ Nevada gba ajá tó wà lórí okùn lójú ọ̀nà tó lọ sí Marlette Lake. Igbó Granite Chief tún ní tirẹ̀: láti ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 15 oṣù Keje, ajá kò gbọdọ̀ wọ apá ibi tí àgbọ̀nrín ti ń bímọ.

Okùn yìí kì í dùn mọ́ ọ̀pọ̀ alájá nínú, pàápàá àwọn tó gbà pé ajá àwọn gbọ́ràn. Àwọn ọdẹ Yorùbá ti ń kó ajá wọ igbó látayébáyé, àwọn ló sì pa á lówe pé ajá tó máa sọ nù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ; bẹ́ẹ̀ ajá tiwọn mọ igbó ju ajá San Francisco tó ń sùn lórí àga lọ. Òórùn ọ̀kẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ti tó láti di ajá létí. Béárì dúdú sì pọ̀ ní Tahoe. Kì í sábà wá ìjà, ó sì máa ń yà fún ènìyàn, ṣùgbọ́n ajá tí a kò so lè lé e títí tí yóò fi yíjú padà; ajá á wá sá tọ olúwa rẹ̀ bọ̀, béárì á sì tẹ̀ lé e. Coyote, tó jọ ajáko, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ajá kékeré kò sì ju oúnjẹ lọ lójú rẹ̀.

Ooru ni ewu tí àwọn alájá máa ń fojú di jù, nítorí pé afẹ́fẹ́ orí òkè tutù lára ènìyàn. Àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni ajá ti ń làágùn, ìyẹn náà kò sì tó nǹkan. Ẹnu ló fi ń tu ara rẹ̀: ó ń mí hẹlẹhẹlẹ kí itọ́ lè gbẹ lórí ahọ́n rẹ̀, kí ooru sì bá a jáde. Nígbà tí ara rẹ̀ bá dá, ìgbóná rẹ̀ kì í sábà ju 39.2 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá ti ń sún mọ́ 41, ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu. Èrìgì rẹ̀ á pọ́n, itọ́ rẹ̀ á ki, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí ọ̀mùtí. Kí wọ́n gbé e sábẹ́ òjìji, kí wọ́n da omi tútù sí i lára, kí wọ́n fẹ́ ẹ, kí wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀. Àwọn ajá tí imú wọn rì sínú ojú, bíi bulldog àti pug, kì í lè mí dáadáa tẹ́lẹ̀. Òkè gíga kì í ṣe ibi tó yẹ wọ́n.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí le ni pé ajá kì í kọ ìrìn. Ènìyàn tó rẹ̀ á jókòó, á ṣàròyé. Ajá á máa tẹ̀ lé olúwa rẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi yẹ̀. Ojú alájá ló gbọ́dọ̀ máa ka ohun tí ajá kò lè sọ: ó ń fà sẹ́yìn, ó ń wá òjìji, ó ń lá àtẹ́lẹsẹ̀. Akọ òkúta Sierra rí ṣákaṣàka, ó sì ń ha àtẹ́lẹsẹ̀ ajá ìgboro tí kò mọ̀ ju kápẹ́ẹ̀tì lọ. Bàtà ajá wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ajá ti fi kọ́ra nílé. Ọmọ ajá tí eegun rẹ̀ kò tíì gbó kò gbọdọ̀ rin ọ̀nà jíjìn. Ajá ńlá sì lè tó ọdún kan ààbọ̀ kí eegun rẹ̀ tó gbó tán.

Omi yí wọn ká, síbẹ̀ òùngbẹ lè pa ajá ní Tahoe. Òkè ìwọ̀-oòrùn ló ń gba púpọ̀ nínú òjò àti yìnyín, nítorí náà apá ìlà-oòrùn gbẹ, ènìyàn sì lè rin ju kìlómítà 15 lọ lórí òkè ibẹ̀ láìkan odò. Alájá ní láti ru omi ajá mọ́ tirẹ̀. Omi odò pàápàá lè ní kòkòrò Giardia tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Adágún náà kì í dì nígbà òtútù, àmọ́ inú rẹ̀ tutù gan-an títí wọ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ajá tó bẹ́ sínú rẹ̀ lójijì sì lè pàdánù agbára láti lúwẹ̀ẹ́. Níbi tí omi kò ti jìn tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi Tahoe Keys ní gúúsù, ewéedò olóró máa ń hù nígbà mìíràn. Ajá tó wẹ̀ níbẹ̀ tó sì lá irun ara rẹ̀ ti gbé májèlé mì.

Ìgbẹ́ ajá wá ńkọ́? Àwọn kan ń sọ pé coyote náà ń yàgbẹ́ sínú igbó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n inú igbó náà ni oúnjẹ coyote ti wá. Inú àpò tí wọ́n rà ní ìlú ni ti ajá ti wá, ó sì ń kó nitrogen àti phosphorus tuntun wọ ilẹ̀ tí gbogbo àgbàrá rẹ̀ ń ṣàn sínú adágún. Méjèèjì yìí ni ewéedò ń jẹ, bó bá sì ti pọ̀, omi kì í mọ́ gaara mọ́. Láti ọdún 1968 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì California ní Davis ti ń sọ àwo funfun kan sínú omi láti wo ibi tí ojú lè rí i dé. Lọ́dún náà, ó ju 31 mítà lọ. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, nǹkan bí 20 mítà ni. Ìgbẹ́ ajá kọ́ ló fa gbogbo rẹ̀, erùpẹ̀ ojú títì náà dá kún un. Síbẹ̀, páìpù ló ń gbé ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo àwọn ìlú etí Tahoe kọjá sí òdì kejì òkè kó má bàa kan adágún náà. Níbi tí wọ́n ti náwó tó bẹ́ẹ̀ nítorí ìgbẹ́ ènìyàn, kò sí àwáwí tí alájá kò fi ní kó ti ajá rẹ̀ sínú ọ̀rá, kó sì gbé e lọ ilé. Àwọn tó so ọ̀rá náà mọ́ ẹ̀ka igi pé àwọn á mú un nígbà àbọ̀ sábà máa ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ló dára jù fún ìrìn yìí. Kó tó dìgbà náà, yìnyín ṣì lè wà lórí òkè, ó sì máa ń dì mọ́ àárín ọmọ ìka ajá. Ẹni tó bá fẹ́ sùn mọ́jú ní láti tọ́jú oúnjẹ ajá pẹ̀lú tirẹ̀ síbi tí béárì kò ti ní lè ṣí i, inú àgọ́ sì ni kí ajá sùn.

Nígbà tí ìrìn bá parí, kí alájá wo inú etí, ihò imú, abẹ́ apá àti àárín ọmọ ìka ajá rẹ̀. Yàtọ̀ sí eégbọn, koríko gbígbẹ kan wà ní California tí orí rẹ̀ ní ìkọ́ wẹ́wẹ́. Iwájú nìkan ló ń lọ tó bá ti wọ ara, kì í padà sẹ́yìn. Ajá tó bá ń gbọn orí léraléra, tó ń sín láìdáwọ́ dúró tàbí tó ń lá ojú kan lẹ́sẹ̀, dókítà ẹranko ni kó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà gan-an.