Ẹ Má Fi Iná Gáàsì Gé Sípíríǹgì O! Ọ̀rọ̀ Rèé fún Ẹni Tó Fẹ́ Mú Golf GTI Wálẹ̀

Ọkọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn bí ẹni fẹ́ràn ẹran ìsàlẹ̀ ìkòkò. Volkswagen Golf GTI lorúkọ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i níbi tó dúró sí, ẹ ó ní ọkọ̀ kékeré lásán ni, àfi tó bá gbéra. Kì í sì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì tó bá rà á kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò bá òun mú un wálẹ̀, kí abẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kan títì. Wọ́n ní ìyẹn ni fáàrí.

Fáàrí ò burú. Iṣẹ́ náà gan-an dáa bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, torí ọkọ̀ tó súnmọ́ ilẹ̀ kì í tètè fì ní kọ́nà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn kan ń gbà ṣe é lẹ́bàá títì lè gbẹ̀mí ẹni tó ni ọkọ̀, àti ti ìyá rẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù ọjà, àti ti ọmọ iṣẹ́ tó di sípánà mú. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà lẹ ń yá ọmọ lówó, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ lẹ sì ń gba iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ̀yin méjèèjì ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ọdún 1976 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Jámánì gbé GTI àkọ́kọ́ jáde. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún (5,000) péré ni wọ́n rò pé àwọn máa ṣe. Kí ìran àkọ́kọ́ yẹn tó kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ti ṣe 461,690. Agbára ẹṣin 110 ló wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo ọkọ̀ náà ò ju nǹkan bíi 810 kìlógíráàmù lọ. Àwọn òyìnbó tó fẹ́ràn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé lẹ́bàá adágún Wörthersee ní Austria ní 1982, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ tí wọ́n ti mú wálẹ̀ hàn ara wọn. Ní 1987, wọ́n fi òkúta gbẹ́ odindi Golf GTI kan síbẹ̀. Òkúta o, bí ẹni gbẹ́ òrìṣà! Ṣùgbọ́n ní Jámánì níbẹ̀, ẹni tó bá pààrọ̀ sípíríǹgì ọkọ̀ rẹ̀ sí èyí tó kúrú, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tó bá sípíríǹgì náà wá, tàbí kó gbé ọkọ̀ lọ fún àwọn ayẹ̀wò bíi TÜV kí wọ́n fọwọ́ sí i. Fáàrí tiwọn ní ìwé nínú.

Ẹ jẹ́ ká mọ iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe lábẹ́ ọkọ̀. Sípíríǹgì ló ru ọkọ̀. Iwájú Golf ló wúwo jù torí ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà, sípíríǹgì iwájú kọ̀ọ̀kan sì ń ru ohun tó ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin lọ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé jókòó. Ṣọ́ọ̀kù ní tiẹ̀ kì í ṣe òun ló ru ẹrù. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni láti pa sípíríǹgì lẹ́nu mọ́. Bí táyà bá já sí gálọ́ọ̀pù, sípíríǹgì á fẹ́ máa fò sókè sódò bí ọmọdé tó ń jó lórí bẹ́ẹ̀dì. Òróró tó wà nínú ṣọ́ọ̀kù, tó ń gba ojú ihò tóóró kọjá, ni yóò mú un pa rọ́rọ́. Obìnrin tó ti ru agbọ̀n tòmátì rí mọ ohun tí mò ń wí: òṣùká ló gba ẹrù, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó di agbọ̀n mú ni kì í jẹ́ kó mì.

Ní iwájú Golf, sípíríǹgì wé mọ́ ṣọ́ọ̀kù lára ni, gẹ́gẹ́ bí ará Amẹ́ríkà kan, Earle MacPherson, ṣe gbé e kalẹ̀, tí Ford sì fi sára Consul àti Zephyr ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1950. Ẹni tó bá yí ọ̀kan tí kò wo èkejì, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ó kan ọ̀rọ̀ iná gáàsì wàyí. Àwọn kan á ní kí wẹ́dà fi iná gé róńdò kan tàbí méjì kúrò lára sípíríǹgì. Àwọn mìíì ò tiẹ̀ ní tú u sílẹ̀ rárá, wọ́n á kàn sun ún níbi tó wà títí á fi pọ́n, tí ẹrù ọkọ̀ á sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Kì í gbówó, kì í sì í pẹ́. Àmọ́ ẹ bi alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ léèrè: àdá tó ti mú, tí wọ́n bá tún tì í bọná tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹnu rẹ̀? Ẹnu á rọ̀. Irin sípíríǹgì kì í ṣe irin lásán. Wọ́n ti fi iná sè é nílé iṣẹ́, wọ́n ti pa á lójijì, wọ́n tún ti rọra yá a níná, kó lè máa tẹ̀ kó sì máa padà ní àìmọye ìgbà. Ibi tí iná gáàsì bá ti kàn án, iṣẹ́ yẹn ti bàjẹ́ níbẹ̀. Apá kan á rọ̀, apá kan á gan bí àwo tánganran. Ó lè máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè dá pàkà níbi tẹ́ ẹ ti ń sáré bọ̀ láti Ìbàdàn.

Bí wọ́n bá wá fi ayùn irin gé e ńkọ́? Ó sàn díẹ̀, kò sì tíì dáa. Ojú ibi tí wọ́n gé kì í jókòó dáadáa mọ́ nínú àwo rẹ̀. Bí táyà bá ṣánlẹ̀ nínú kòtò, sípíríǹgì tó ti kúrú jù lè tú kúrò ní ìjókòó rẹ̀. Ohun kan sì wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu: sípíríǹgì tí wọ́n gé kì í rọ̀, ńṣe ló ń le sí i. Ká ní róńdò mẹ́jọ ló ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n gé méjì, líle rẹ̀ á fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i. Bí irin náà ṣe nípọn sí tún ńkọ́? Èyí tó jẹ́ mìlímítà 13 fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ le ju èyí tó jẹ́ 12, bí gbogbo ìyókù bá dọ́gba. Mìlímítà kan péré o! Ẹ má fojú lásán ra sípíríǹgì.

Èyí tó yẹ ká rà ni èyí tí wọ́n ṣe kúrú láti ilé iṣẹ́, irú èyí tí Eibach tàbí H&R ń ṣe ní Jámánì, tí nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sì bá ọkọ̀ náà mu. Golf tó ń lo dísù ní ẹ́ńjìnnì tó wúwo, sípíríǹgì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti èyí tó ń lo epo bẹntiróòlù. Lójú tèmi, sẹ̀ǹtímítà 3 ti tó fún ọ̀nà tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ 6 tàbí 7, súm̀pù ọ́ìlì rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sunkún lórí búm̀pù. Yàtọ̀ síyẹn, lower arm tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ á wá kọ ojú sókè níbi táyà, ọkọ̀ tí wọ́n mú wálẹ̀ kó má baà máa fì á sì tún wá fẹ́ máa fì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Táyà á máa jẹ láti inú, ẹ̀yin fọ́kánásà ẹ ò ní í ṣàìrí i. Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ṣọ́ọ̀kù àtijọ́ ò lè pẹ́ lábẹ́ sípíríǹgì kúkúrú. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló á ti máa ṣiṣẹ́, rọ́bà stopper á sì máa gbá a lórí. Ẹni tó bá lówó, kó ra èyí tó kúrú tó sì le tó, bíi ti Bilstein tàbí ti Koni. Bilstein ló kọ́kọ́ ṣe ṣọ́ọ̀kù onígáàsì alágolo kan fún Mercedes ní 1957, wọn ò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ṣùgbọ́n páálí tó rẹwà kì í ṣe ẹ̀rí. Bẹ́ ẹ bá ń ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, ẹ tẹ ọ̀pá ṣọ́ọ̀kù wọlé: kó máa lọ díẹ̀díẹ̀ láìfò, kó má ṣe ní òróró lára. Ti onígáàsì gbọ́dọ̀ dìde padà fúnra rẹ̀. Ẹ ra á ní méjì-méjì, ọ̀tún àti òsì.

Èyí tí wọ́n lè lọ̀ sókè sódò, tó ní òjú ìdè lára, ni àwọn ọmọ fẹ́ràn jù. Òjò kan, ẹrẹ̀ méjì, òjú ìdè náà á ti gan pa. Mi ò rí ìdí tí ẹni tó ń fi ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ fi máa ná owó yẹn.

Bí owó bá kéré, ẹ má tiẹ̀ dé ibi sípíríǹgì. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bùṣì tó ti jẹ, ball joint tó ń ró kò-kò-kò, àti rọ́bà orí ṣọ́ọ̀kù. Stabilizer tó nípọn díẹ̀ náà wà: òun ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì ní kọ́nà, tí kò sì ní kí ìrìn le jù lójú ọ̀nà títọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń pariwo pé ó ń fì, bùṣì ìgbà láéláé ló ń dà á láàmú.

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ yín ló kù. Sípíríǹgì tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ dà bí ọfà tó wà lórí ọrun. Ẹ má jẹ́ kó tú nọ́ọ̀tì orí ṣọ́ọ̀kù láìjẹ́ pé irin tí wọ́n fi ń há sípíríǹgì ti há a dáadáa ní ọ̀tún ní òsì, kò sì gbọdọ̀ gbé orí rẹ̀ síwájú rẹ̀. Okùn àti wáyà ò tó nǹkan níbi iṣẹ́ yìí. Bẹ́ ẹ bá sì ń dá gbogbo rẹ̀ padà, ẹ má mú nọ́ọ̀tì bùṣì lower arm le nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì. Ẹ jẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó nílẹ̀ ná, kí ẹ tó fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà á máa lọ́ra ní gbogbo ìgbà, á sì ya kíákíá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ fún aláìmẹ́ǹtì.