Irú Ilẹ̀kùn Tí Ó Yẹ Ojú Ilé

Ẹni tí ń kọ́lé ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní Òkè-Ìlá tàbí ní Ọ̀rà kì í pẹ́ dé ibi tí owó ti ń tán kí ilé tó parí. Nígbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ ra ilẹ̀kùn àbáwọlé tí kò bá ṣáà ti wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn yìí gan-an ni òjò, oòrùn, ikán àti olè ń kọ́kọ́ bá pàdé. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé àwọn ohun tí a fi ń ṣe é, kí olùrà má baà ra ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú igi, ìrókò ni àgbà. Ikán kì í fẹ́ràn inú rẹ̀, kì í wú púpọ̀ nígbà òjò, ọyẹ́ kì í sì í yára là á. (Àwọn kan ṣì ń bẹ̀rù olúwéré tí wọ́n ní ó ń gbé inú rẹ̀, àwa kò tíì gbọ́ pé ó bá pákó dé ilé ẹnikẹ́ni.) Apá náà le, ó sì wúwo, ṣùgbọ́n ó máa ń dá káfíńtà lágara. Ọ̀gànwó lẹ́wà, kò sì le tó apá. Arère ní tirẹ̀ fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Inú ilé ni kí ó mọ.

Ọ̀dà ni ẹ̀tàn ń gbà wọlé. Bí a bá fi ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú kun arère, ojú lè má mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ìrókò. Kí olùrà gbé ilẹ̀kùn náà wò, kí ó sì wo orí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí ọ̀dà kì í sábà dé. Ìrókò pàápàá ní ara funfun létí èèpo, èyí tí kòkòrò ń jẹ. Inú igi tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣókùnkùn bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni kí a béèrè.

Pákó gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí a tó kàn án. Igi a máa fẹ̀ ní ìbú nígbà òjò, a sì máa sún kì nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ yí padà. Ìdí nìyí tí káfíńtà tí ó mọṣẹ́ fi ń ṣe férémù yí ilẹ̀kùn ká, tí ó sì ń ki pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ihò rẹ̀ láìfi gọ́ọ̀mù mú un, kí ó lè ráyè fẹ̀. Ẹni tí ó bá fi gọ́ọ̀mù mú un, ọyẹ́ àkọ́kọ́ ni yóò là á.

Àwọn baba wa kò lo férémù yìí. Pákó kan lódindi ni wọ́n ń gbẹ́, wọ́n a sì fi ìkọ igi sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ igun rẹ̀ kan láti máa yí nínú ihò. Irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ó kú ní 1938, gbẹ́ sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí àfihàn ní Wembley ní 1924, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù sì fi àga ọba ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ní Ìlá tiwa, ìdílé Fákẹ́yẹ ni a mọ̀ sí iṣẹ́ ọnà yìí. Ọmọ wọn, Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, tí ó kú ní 2009, ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìsìn Kátólíìkì tí ó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àwa rò pé ó bani nínú jẹ́ pé a lè rìn ní àdúgbò tuntun kan ní ìlú àwọn agbẹ́gilére kí a má rí ilẹ̀kùn gbígbẹ́ kan ṣoṣo.

Irin ni ó gba ipò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ń ti Ṣáínà wá kì í ṣe irin látòkèdélẹ̀: irin fẹ́lẹ́ wà níhà méjèèjì, pépà líle sì wà láàrin. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ a máa lágbára, ikán kò sì lè ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dà bá ti ha, ìpẹtà dé. Ilé tí ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn yóò sì mọ bí irin ti ń gbóná lọ́sàn-án. Gíláàsì kò yẹ ojú ilé tí ó wà létí pópó, àyàfi bí a bá tún ná owó lórí irin tí yóò dáàbò bò ó.

Bí owó bá wà, ìrókò tí ó gbẹ ni àwa yóò rà. Bí kò bá sí, irin nípọn tí alágbẹ̀dẹ ìlú jó pọ̀. Èyíkéyìí tí a bá yàn, kí òrùlé ìloro yọ síta tó kí òjò má baà máa nà án, kí a sì kun ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà kí a tó gbé e kọ́, nítorí lẹ́yìn náà ọwọ́ kò ní lè dé ibẹ̀ mọ́.