A LỌ WO ÁKÍRÀ

 Àwọn kan nínú yín bèèrè ibi tí a wọlé sí ní oṣù kejì ọdún 2024 tí ẹ kò fi rí wa. Ìrìn-àjò ni a lọ. Àwa obìnrin mẹ́rin ni: ará Àjàṣẹ́ méjì, ará Kétu kan, àti ẹ̀gbọ́n wa kan tí í ṣe ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́. A ti ń dá owó jọ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún tó ṣáájú, a ní a fẹ́ fi ojú ara wa rí Ákírà, olú-ìlú Gánà.

Nínú wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwa mẹ́ta kò dé ibẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n nìkan ni ó mọ̀ ọ́n, bí a bá lè pe èyí ní mímọ̀, nítorí Ákírà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1961, ó sì di ọmọ ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó gbé e kúrò níbẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Kò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ọ̀nà náà kò jìn tó bí a ti rò. Bí ènìyàn bá kúrò ní Kútọnu kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, yóò kọjá Wídà àti Grand-Popo, yóò dé ibodè Hilla-Condji, yóò la Tógò kọjá létí òkun títí dé Lomé. Ibodè Gánà kò jìnnà sí àárín ìlú Lomé rárá; ẹsẹ̀ ni a fi rìn kọjá sí Aflao. Láti ibẹ̀ dé Ákírà, ó ku díẹ̀ kí ó tó kìlómítà 200. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín àti ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lọ́wọ́. Físà kò sí nínú rẹ̀, nítorí àdéhùn tí àwọn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe ní ọdún 1979 fún ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan ní àyè láti wọ ìlú kejì fún 90 ọjọ́. Ẹni tó bá rò pé èyí kò já mọ́ nǹkan, kí ó rántí pé láti oṣù kẹta ọdún 2020 títí di òpin oṣù kẹta ọdún 2022 ni Gánà fi ti ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀ nítorí àrùn kòrónà. Ìgbà yẹn gan-an ni Ẹ̀gbọ́n ti kọ́kọ́ di ẹrù rẹ̀, ó sì tú u.

Ní Sogakope ni a ti gba orí afárá kọjá odò Volta. Ọkọ̀ kò tíì dúró tán tí àwọn ọlọ́jà fi ti búrẹ́dì àti edé wọ ojú fèrèsé. A ra edé. Ohun tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé odò yìí ti ń ṣe wá lóore tipẹ́: wọ́n sé e lókè ní Akosombo, iṣẹ́ náà parí ní ọdún 1965, láti ọdún 1972 sì ni iná mànàmáná ibẹ̀ ti ń wọ Tógò àti ìlú tiwa, tí orúkọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́ Dàhọ̀mì nígbà náà. Iná tí púpọ̀ nínú wa fi kàwé lálẹ́ nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́, omi yìí ni ó tàn án.

Ní Ákírà, aago ni ó kọ́kọ́ fi wá ṣẹ̀sín. Tógò àti Gánà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn àwa ará Bẹ̀nẹ̀, ṣùgbọ́n nínú wàhálà ibodè kò sí ẹni tó rántí. Ọmọ ìlú wa kan tí ó lọ́kọ sí Ákírà ti ṣèlérí pé ọkọ òun yóò wá pàdé wa ní ibùdókọ̀ ní aago mẹ́ta. Aago mẹ́ta lù lọ́wọ́ wa, a kò rí i. A jókòó lórí ẹrù wa nínú oòrùn, a ń sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà láìdáa. Ará Kétu inú wa ní ọkọ tí kò bá wá kí àna rẹ̀ déédéé kò lè mọ ohun tí a ń pè ní àkókò. Nígbà tí ó dé, ó tẹríba, ó kí wa, a wo aago ọwọ́ rẹ̀: aago mẹ́ta géérégé. Ojú tì wá. Orí yọ wá pé kò gbọ́ Yorùbá.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n mú wa lọ sí ibojì Kwame Nkrumah. Pápá tí àwọn Òyìnbó ti ń gun ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni ó dúró sí kéde òmìnira Gánà nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957 ń mọ́ bọ̀. Omi ń tú sókè ní ọ̀tún àti òsì, òkúta mábù ni wọ́n fi kọ́ ibojì náà, aya rẹ̀ Fathia, ọmọ Íjíbítì, sì sùn sí tòsí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dá wa dúró pẹ́ ni ère àtijọ́ kan tí kò ní orí. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba lẹ́yìn rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1966, tí òun wà ní ìrìn-àjò, wọ́n wó ère náà, orí rẹ̀ sì di àwátì. Ẹnìkan ti gbé e pamọ́, ó sì dá a padà ní ọdún 2009. Wọn kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn mọ́. Wọ́n gbé e sórí òpó tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Nkrumah fúnra rẹ̀ kò padà wálé láàyè. Ó kú sí Bucharest ní ọdún 1972, wọ́n sin ín sí Gínì, wọ́n gbé e lọ sí Nkroful níbi tí wọ́n ti bí i, kí wọ́n tó gbé e wá sí Ákírà ní ọdún 1992. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní: « Àní òkú rẹ̀ náà rìn kí ó tó délé. »

A ya fọ́tò ní Pápá Ìràwọ̀ Dúdú bí gbogbo àlejò ti ń ṣe, a sì wo ilé olódi Osu, tí àwọn ará Dẹ́nímáàkì kọ́, láti òkèèrè. Oòrùn mú púpọ̀.

James Town ni a lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, níbi tí àwọn apẹja Gá ń gbé. Àdúgbò kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ngleshie Alata. Àwọn òpìtàn kan ní àwọn òṣìṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì kó wá láti ìhà Àládà, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé olódi James ní ọdún 1673, ni ó fún un ní orúkọ yìí. Àládà tiwa níbí ni o. Nítòsí ibẹ̀ ni Ilé Bùràsíìlì wà. Ní ọdún 1836 ni àwọn ẹrú tó gba òmìnira ní Bùràsíìlì gúnlẹ̀ sí Ákírà, àwọn Gá sì fún wọn ní ilẹ̀. Bí a bá kí wọn pé ṣé dáadáa ni, wọn a dáhùn ní Potogí pé « tá bom », ó dára, ni àwọn ènìyàn bá ń pè wọ́n ní Tabom títí di òní. Iṣẹ́ aṣọ rírán àti kànga gbígbẹ́ ni wọ́n fi gbajúmọ̀. Gá ni wọ́n ń sọ nísinsìnyí. Ọ̀kan nínú àwa ará Àjàṣẹ́ jẹ́ ọmọ Àgùdà, ìdílé tí ó ṣì ń gbé Bùríyàn jáde. Ó dúró níwájú ilé náà, ó ń ka orúkọ ìdílé lójú ògiri bí ẹni tí ń wá ìbátan, a kò sì fẹ́ pè é pé kí ó máa bọ̀.

Ibẹ̀ ni ìjà wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán yẹn nìkan ni ó kù. Àwa méjì ní a fẹ́ lọ sí àwọn ilé ìtajà ńlá tuntun, kí a ra ohun tí a ó mú fún àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ní Mákólà ni òun ń lọ, òun sì fẹ́ rí ibi tí ìsọ̀ ìyá òun wà. Ọ̀kan nínú wa (a kò ní sọ ẹni náà, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí) ní: « Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ àná sílẹ̀. » Ẹ̀gbọ́n kò dáhùn. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ń lọ. A tẹ̀lé e.

Àwọn ọ̀dọ́ inú wa lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá oníṣòwò pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, àwọn mìíràn ti bí ọmọ bí ọmọ ọmọ síbẹ̀. Irú rẹ̀ dé bá àwọn ènìyàn wa ní Gàbọ́ọ̀nù ní ọdún 1978, Nàìjíríà náà sì ṣe é sí àwọn ará Gánà ní oṣù kìíní ọdún 1983, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè nawọ́ sí ẹnìkejì. Ìyá Ẹ̀gbọ́n bá àwọn ará Ṣakí lọ sí Ákírà ní ọmọge. Òwú, bọ́tìnnì àti lẹ́ẹ̀sì ni ó ń tà ní Mákólà, ó sì ń ránṣọ lálẹ́ nílé wọn ní Lagos Town. Nígbà tí wọ́n ń sá lọ, ọkọ̀ kò gba maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Ó gbé e fún aládùúgbò rẹ̀ kan, obìnrin Gá, ó ní òun ń padà bọ̀. Títí tí ó fi kú ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni ó ń sọ pé àwọn tó kù sílẹ̀ ni ó jogún ìsọ̀ òun.

Mákólà kì í ṣe ọjà tí a ń fi ẹnu sọ. Ẹrù lórí, ẹrù lẹ́yìn, ọkọ̀ láàárín ènìyàn. A dì mọ́ ìró ara wa bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọbìnrin ilé tí a wọ̀ sí ni ó ń ṣe ògbufọ̀ fún wa. Ó bi obìnrin àgbàlagbà kan tí ń ta òwú pé níbo ni Mákólà kìíní wà, ọjà tí wọ́n ṣí ní ọdún 1924. Obìnrin náà fi ẹnu júwe ibìkan tí ọkọ̀ kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ibùdókọ̀ ni, Rawlings Park ni wọ́n ń pè é.

Ó ní kí a jókòó. Ó ní ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 1979 ni àwọn sójà dé. Wọ́n ní àwọn obìnrin ọjà ni ó ń kó ọjà pamọ́ tí ó jẹ́ kí gbogbo nǹkan wọ́n. Wọ́n wó ọjà náà palẹ̀. Ìyá tirẹ̀ ní ìsọ̀ níbẹ̀. Ó lọ ní òwúrọ̀, kò rí ohun tí yóò kó. Ó ní ìyá òun kò tajà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọmọbìnrin náà ń túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé díẹ̀díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n sì ń wo àwọn ọkọ̀. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun kan tí a kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí: « Oyiwaladonn. » Ẹ ṣeun ni ní èdè Gá. Ó ní òun kò mọ̀ pé ó ṣì wà lẹ́nu òun. Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fi Gá bá a sọ̀rọ̀ kíkankíkan, Ẹ̀gbọ́n kò gbọ́ èyíkéyìí mọ́, ó ṣáà ń mi orí. A ra òwú lọ́wọ́ rẹ̀ ju èyí tí a lè lò lọ. Ó fún wa ní ẹ̀dínwó, kò pọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì a gba Lagos Town lọ. Accra New Town ni orúkọ rẹ̀ báyìí. Ẹ̀gbọ́n rántí kànga kan àti igi máńgòrò kan. A rìn káàkiri títí aago mẹ́wàá, a rí igi máńgòrò mẹ́ta, a kò rí kànga. Kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ aládùúgbò náà. Ní ti maṣíìnì, a kò tilẹ̀ bèèrè.

Bí a ti dé Hilla-Condji ní ìrọ̀lẹ́, a rántí lọ́tẹ̀ yìí, a ti aago wa síwájú ní wákàtí kan. Fọ́tò ibùdókọ̀ yẹn ni Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n tẹ̀ fún òun nínú gbogbo fọ́tò tí a yà. Ó gbé e kọ́ sára ògiri ní Ṣábẹ̀ẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ̀. Àwọn àlejò máa ń bi í pé ọkọ̀ ta ni.