Kòkòrò Àtọwọ́dá fún Ẹja Ẹpìyà

Kòkòrò àtọwọ́dá ni ìdẹ tí apẹja fi òwú, ìyẹ́ adìẹ tàbí fóòmù dì mọ́ ìwọ̀, kí ẹja lè rò pé kòkòrò gidi ló já bọ́ sómi. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí ọdún 200 Sànmánì Kristẹni, Aelianus ará Róòmù kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Makedóníà ń wé òwú pupa mọ́ ìwọ̀, wọ́n sì ń fi ìyẹ́ àkùkọ méjì sí i. Ní Amẹ́ríkà lónìí, lára ohun tí wọ́n ń fi í mú ni ẹja pẹlẹbẹ kéékèèké bíi bluegill. Nínú ẹja odò tiwa, ẹpìyà ló jọ ọ́ jù: ara rẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹnu rẹ̀ kéré, ó sì fẹ́ràn etí omi.

Omi tí a ti lè fi ìdẹ yìí pa ẹpìyà kò jìnnà sí ẹni tó ń gbé GRA Ìlọrin. Odò Àsá la ìlú já láti gúúsù lọ sí àríwá, dáàmù Àsá sì wà ní apá gúúsù. Òkè dáàmù ló sàn jù, torí ìdọ̀tí ìlú ti wọ inú omi tó ń ṣàn kọjá láàárín ilé.

Èsúnsún àtọwọ́dá ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ ṣe. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, èsúnsún á tú jáde, púpọ̀ á já sómi, ẹja á sì máa gbé wọn mì. Apẹja á gé fóòmù díẹ̀ lára sílípáàsì tó ti gbó, kò ní ju èékánná ọmọ-ìka lọ. Á fi òwú dúdú dì í mọ́ ẹ̀yìn ìwọ̀ kékeré, á fi ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ṣe apá, á sì fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ṣe ẹsẹ̀. Gọ́ọ̀mù díẹ̀ ni yóò mú un le. Kò dìgbà tó bá jọ èsúnsún délẹ̀délẹ̀. Bó ṣe tóbi tó àti bó ṣe bà sórí omi ló ṣe pàtàkì jù.

Ìdẹ yìí fúyẹ́, kò ṣeé jù jìnnà. Ọ̀pá ọparun gígùn tí okùn rẹ̀ kò gùn jù ú lọ ti tó. Apẹja á rọra gbé ìdẹ lé omi, á dúró títí ojú omi yóò fi dákẹ́, lẹ́yìn náà á mì ín díẹ̀. Ẹja tó bá fà á mu yóò tètè tu ú jáde, nítorí kò dùn bí ekòló. Ojú ẹsẹ̀ ni kó gbé ọ̀pá sókè. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, nígbà tí atẹ́gùn bá rọlẹ̀, ló dára jù, kí òjìji ènìyàn má sì ṣíji bo omi.

Àwọn ewéko tíntìntín inú omi ni ọ̀pọ̀ ẹpìyà ń jẹ jù, nítorí náà ìdẹ yìí kì í mú gbogbo wọn. Abo àwọn kan tilẹ̀ ń fi ẹnu gbé ẹyin àti ọmọ, wọn kì í sábà jẹun lásìkò náà. Èyí tó bá ṣèèṣì kọ́ ìwọ̀ yẹ ní dídá padà kíá. Bí òjò bá pọ̀ tí odò di ẹrẹ̀, ẹja kò ní rí èsúnsún fóòmù mọ́, ekòló ló kù tí apẹja lè lò títí omi yóò fi tòrò.