Bí àwòrán bá dára, èrò á wá a wá: òótọ́ àbí irọ́?

Olùkọ́ wà ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, nọ́ọ̀sì wà ní Ọ̀wọ̀, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ wà ní Ìfọ̀n, tó jẹ́ pé bí iṣẹ́ bá ti tú wọn sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, pẹ́ńsù àti ọ̀dà ni wọ́n ń gbé. Wọn kì í pe ara wọn ní ayàwòrán. Wọ́n kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Nígbà tó bá yá, àbúrò kan tó mọ kọ̀ǹpútà á bá wọn ṣí ìkànnì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á kó àwòrán bíi mélòó kan síbẹ̀, wọ́n á sì jókòó de oníbàárà. Oṣù kan á kọjá, kò ní sí ẹni tó dé ibẹ̀ ju ẹni tó ṣí i àti àwọn ará ilé rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìmọ̀ràn á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé, tàwọn tó mọ̀ àti tàwọn tí kò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká tú díẹ̀ wò nínú wọn.

“Bí iṣẹ́ bá ti dára, àwọn èèyàn á wá a débi tó wà.”

Irọ́. Agbègbè tiwa yìí gan-an ló sì yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ibikíbi lọ.

Ní 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì wà lára ohun tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀. Ilẹ̀kùn náà wọ àwọn ará British Museum lójú débi pé wọ́n ní àwọn á rà á. Kábíyèsí kò tà á. Ohun tó gbà ni pé kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun nílùú òyìnbó, kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe, ilẹ̀kùn sì di ti Lọ́ńdọ̀nù. Ta ló gbẹ́ ẹ? Ọlọ́wẹ̀ ni, ẹni tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tó fi Ìsẹ̀-Èkìtì ṣe ilé. Àìmọye ojú ló wo iṣẹ́ yẹn ní Wembley, ẹnu sì yà wọ́n, síbẹ̀ wọn kò mọ ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ. Ó di àwọn ọdún 1940 kí òǹkọ̀wé òyìnbó tó kọ orúkọ Ọlọ́wẹ̀ sínú ìwé. Ọlọ́wẹ̀ ti kú ní nǹkan bí 1938.

Ti Ọ̀wọ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn agbẹ́gilére àti agbẹ́yín-erin Ọ̀wọ̀ ti ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ àti àwo olómorí láti ayébáyé, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì ti dé ilẹ̀ Yúróòpù tipẹ́. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń to ohun tí wọ́n kó jọ, “Bìní” ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ó di àárín ọ̀rúndún tó kọjá kí William Fagg ti British Museum àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n sọ́tọ̀, pé Ọ̀wọ̀ ni èyí ti wá. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wá gbẹ́ ilẹ̀ Igbó’Lájà ní ìlú Ọ̀wọ̀ ní nǹkan bí 1971, tó hú àwọn ère amọ̀ sísun tó ti wà láti bí ọ̀rúndún karùn-ún-dínlógún jáde, ó hàn kedere pé ìlú yìí ti ní iṣẹ́ ọnà tirẹ̀ láti ìgbà náà. Iṣẹ́ dára, iṣẹ́ rìn jìnnà, orúkọ ni kò bá a rìn.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lórí fóònù lónìí. Ẹnì kan rí àwòrán yín lórí ìkànnì, ó gbà á sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Wásáàpù àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ àtijọ́, ibẹ̀ ni wọ́n tún ti fi ránṣẹ́ síwájú. Nígbà tó bá fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lówó lọ́wọ́ ní Àbújá, kò sí ohun tí yóò fi mọ ẹni tó yà á mọ́. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ yín, orúkọ ìlú yín àti àdírẹ́sì ìkànnì yín sí ìsàlẹ̀ àwòrán kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe sí ojú-ìwé àkọ́kọ́ nìkan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

“Ẹ fi sílẹ̀ fún Google, á kó wọn wá.”

Òótọ́ díẹ̀, irọ́ púpọ̀. Ẹ̀rọ Google ń lọ káàkiri íńtánẹ́ẹ̀tì láti orí ìkànnì kan sí òmíràn nípasẹ̀ líǹkì. Ìkànnì tí ẹnikẹ́ni kò na líǹkì sí lè pẹ́ gan-an kó tó rí i, bó bá sì rí i, kò ní í kà á sí nǹkan bàbàrà. Ọ̀nà kan láti yá a lára ni Search Console, ohun èlò Google tí a kì í sanwó fún. Ẹ fi àdírẹ́sì ìkànnì yín sílẹ̀ níbẹ̀.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni ọ̀rọ̀. Ohun tí a kọ yí àwòrán ká ni Google gbára lé jù láti mọ ohun tó jẹ́: orúkọ tí ẹ fi pamọ́, àkọlé ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti gbólóhùn tó ń ṣàpèjúwe rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní alt text. Ẹni tó bá gbé àwòrán sókè pẹ̀lú orúkọ tí fóònù fún un, IMG lẹ́yìn náà nọ́ńbà, kò sọ nǹkan kan fún ẹ̀rọ náà. Àkọlé “Ẹwà” tàbí “Ìrètí” kò sì ràn án lọ́wọ́, nítorí kò sẹ́ni tó ń jókòó wá ìrètí kiri nígbà tó fẹ́ ra àwòrán fún pálọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni nǹkan tí wọ́n mọ̀.

Ibí yìí ni ọmọ Ọ̀wọ̀ ti ní àǹfààní tí ará Èkó kò ní. Àwọn tó ń ya afárá Third Mainland kò lóǹkà. Mélòó ló ń ya Ìgogo? Ọdún tí wọ́n ń ṣe ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ láti fi rántí Ọ̀rọ́nsẹ̀n olorì, tí wọn kì í lu ìlù àyàfi agogo, tí ọkùnrin kì í dé fìlà, tí obìnrin kì í wé gèlè, tí Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú náà, fúnra rẹ̀ á di irun, á sì kó ìlẹ̀kẹ̀ iyùn sára. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sábẹ́ àwòrán yín: ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ọdún, “Ọ̀wọ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó”, ní Yorùbá, kẹ́ ẹ tún kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ tó ń gbé ní Houston, tó ń wá ohun tí yóò rán an létí ilé, ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ni yóò tẹ̀.

Àwọn kan ṣì wà tí wọ́n ń sanwó fún ẹni tó ní òun á kó ọ̀rọ̀ jọ pelemọ sẹ́yìn ìkànnì níbi tí èèyàn kò ti ní í rí i. Láti 2009 ni Google ti kéde gbangba pé òun kì í wo irú ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ bẹ́ẹ̀ tí òun bá ń to ìkànnì léra. Ẹ gba owó yín padà.

“Kí ariwo ṣáà ti pọ̀, ọjà á yá.”

Ní oṣù Agẹmọ 2018, Ààrẹ Faransé, Emmanuel Macron, wá sí New Afrika Shrine ní Ìkẹjà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kan, Kareem Waris Olamilekan, jókòó níbẹ̀, ó ya Macron ní nǹkan bíi wákàtí méjì. Ààrẹ náà dì mọ́ ọn, ó sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí Twitter. Gbogbo ayé gbọ́. Gbogbo èèyàn wá fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwọn náà, wọ́n ń ya gbajúmọ̀, wọ́n ń fa orúkọ wọn sínú pósìtì, wọ́n ń dúró.

Irọ́ ni mo pe èyí, mo sì mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kò ní í gbà. Ohun tí wọn kò wò ni pé ọmọ yẹn ti ń yàwòrán gidi kí Ààrẹ tó dé, ó sì jáde lọ síbi tí ẹni tó fẹ́ yà wà. Ariwo ń mú ojú wá. Owó kì í sáré tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ̀rún láìkì lè wá láti ọwọ́ àwọn tí kò ra àwòrán rí láyé wọn. Ẹni mẹ́wàá tó fún yín ní nọ́ńbà Wásáàpù tàbí íméèlì wọn, tó ní kẹ́ ẹ sọ fún òun nígbà tí èyí tó kàn bá jáde, ló tó ọjà. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún wọn lórí ìkànnì yín láti ṣe bẹ́ẹ̀.

“Ẹ má kọ iye sí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n bèèrè.”

Irọ́ pátápátá. Òótọ́ ni pé nínú ọjà a máa ń ná nǹkan, ṣùgbọ́n ojú kan ojú ni, ẹni tó ń tà rí ẹni tó ń rà, wọ́n sì lè rẹ́rìn-ín sí ara wọn. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí kò bá rí iye rò pé ó kọjá agbára òun, tàbí pé ẹ fẹ́ wo irú ẹni tóun jẹ́ kẹ́ ẹ tó bù ú lé òun. Á kọjá lọ, ẹ kò sì ní í mọ̀ pé ó wá. Ẹ kọ iye ní náírà, ẹ kọ gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀, ẹ kọ bóyá orí kánfáàsì ni tàbí orí bébà, bóyá fírémù wà nínú owó náà. Bí ẹ bá ti ta ọ̀kan, ẹ má yọ ọ́ kúrò; ẹ kọ “Ó ti tà” sí i. Kò sí ìpolówó tó tó o. Ọ̀nà ìsanwó náà ti rọrùn láti ìgbà tí Paystack àti Flutterwave ti dé ní 2015 àti 2016: ẹni tó wà ní Ìbàdàn àti ẹni tó wà ní Manchester lè fi káàdì sanwó láìbéèrè nọ́ńbà báǹkì.

“Àwòrán tó wúwo ló ń fi ẹwà hàn.” Irọ́. Dátà wọ́n. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ á ti wò ó, bí ojú-ìwé bá sì pẹ́ kó tó ṣí, wọ́n á pa á dé. Ẹ dín in kù, kó ṣì mọ́, kó sì fúyẹ́. Ìyẹn náà á jẹ́ kó ṣòro fún olè láti tẹ̀ ẹ́ jáde bí ohun tó gbámúṣé. Ẹ̀tọ́ yín lórí iṣẹ́ náà kò sì kúrò lọ́wọ́ yín nítorí pé ẹ gbé e síta. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-Ọnà ti 2022 wà fún un.

“Ìkànnì ti di ti àtijọ́, Facebook àti Instagram tó.”

Ilé àyágbé ni Facebook: àlejò á máa wá bá yín níbẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ onílé. Ní oṣù Òkudù 2021, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, ó di oṣù Ṣẹrẹ 2022 kó tó ṣí i. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2021 kan náà, Facebook, Instagram àti Wásáàpù wó lulẹ̀ pa pọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ẹ lò wọ́n, torí ibẹ̀ ni èrò wà. Kí gbogbo pósìtì ṣáà máa júwe ọ̀nà ìkànnì tiyín.

“Òyìnbó ló ń ra àwòrán.”

Òótọ́ ni pé wọ́n ń rà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó súnmọ́ yín ná: àwọn ọmọ ìlú tó ń wálé fún Ìgogo, ìdílé tó fẹ́ àwòrán bàbá wọn tó dolóògbé, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè lọ́dọ̀ Ọjọmọ Olúdà, ọba Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, òbí tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Rufus Giwa Polytechnic. Kálẹ́ńdà ìlú ni kálẹ́ńdà ọjà yín. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwòrán Ìgogo tà ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ á ti gbé e sórí ìkànnì láti oṣù Agẹmọ.

Bí òyìnbó bá sì wá dé lóòótọ́, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í gbọ́ àfi nígbà tó bá ti bọ́ sórí. Láti ìgbà Òfin 77 ti 1979, a kò gbọdọ̀ kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ National Commission for Museums and Monuments. Àwòrán tí ẹ yà ní ọdún tó kọjá kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ṣùgbọ́n aṣọ́bodè kò mọ̀. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ mú ìwé tó fi hàn bẹ́ẹ̀ wá, pàápàá tó bá jẹ́ ère gbígbẹ́. Àjọ náà ní ilé ọnà ní Ọ̀wọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ wọn iye tí ìwé náà jẹ́ àti ọjọ́ tó ń gbà, kẹ́ ẹ tó dá ọjọ́ tí ẹrù á dé fún oníbàárà.